Iná Atọ́nà Òkè Béékìrì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí Wáyà rí ọkùnrin náà, ó ń fa ọkọ̀ ojú irin jáde kúrò nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò.

Ọkọ̀ náà kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ó ti já láti òkè sínú ọpọ́n ńlá, imú rẹ̀ rì wọlé, ìdí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Oníbúrẹ́dì di ìdí náà mú, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ìyẹ̀fun bò ó láti irun orí dé àgbọ̀n, débi pé ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló dúdú nínú gbogbo funfun yẹn. Inú ń bí ojú náà gidigidi, àmọ́ inú kò bí ọwọ́. Ohun tí Àǹtí Wáyà kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun kí i.

"A ò tíì gbé búrẹ́dì jáde," ó wí láì gbójú sókè. "Ẹ pa dà wá láago mẹ́rin."

"Búrẹ́dì kọ́ ni mo wá rà."

Ohùn àgbàlagbà kan gba ojú àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé ó fara pa?"

"Mi ò fara pa, Bàbá."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń béèrè. Ọkọ̀ ńkọ́?"

Oníbúrẹ́dì dijú, ó mí kanlẹ̀, ó sì la ojú pa dà. "Ọkọ̀ wà láàyè. Ìyẹ̀fun tó yẹ kó di ogójì búrẹ́dì ló kú."

Àǹtí Wáyà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ń tún rédíò, fáànù àti fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. "Bàbá yín ló ránṣẹ́ pè mí," ó wí. "Wọ́n ní iná atọ́nà àwọn ń ṣe wèrè."

Ọkùnrin náà wá wò ó dáadáa. Ó wo àpò, ó wo bàtà, ó wo ojú, ó sì pẹ́ níbi ojú. "Ẹ̀yin lẹ wá bá wọn ba ìyókù ilé mi jẹ́ nìyẹn," ó wí. "Ẹ máa gòkè. Ẹ tẹrí ba tí ẹ bá dé abẹ́ afárá."

"Afárá wo?"

"Ẹ ó rí i."

Ó rí i lóòótọ́, iwájú orí rẹ̀ ló sì fi rí i.

Gbogbo àdúgbò ń pe bàbá arúgbó náà ní Bàbá Reluwé. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi jókòó nínú ilé gogoro kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tó ń fi iná pupa dá ọkọ̀ dúró, tó ń fi gíríìnì yọ̀ǹda rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún kejì, ó sì kó gbogbo ìbànújẹ́ rẹ̀ lé orí pátákó. Yàrá mẹ́ta tó wà lókè béékìrì ọmọ rẹ̀ ló fi pátákó yí ká ní gíga ìbàdí. Ó lu ihò sára ògiri kí ojú irin kékeré rẹ̀ lè kọjá, ó sì ta afárá sórí àtẹ̀gùn. Orí afárá yẹn ni ọkọ̀ ti máa ń já sínú ìyẹ̀fun. Bàbá ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ayé òde òní sì ni. Kì í ṣe pé kí iná pọ̀ kó sáré, kí iná dín kó rọra. Iná kan náà ló wà lójú irin nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ ló ń gba inú iná náà kọjá láti inú àpótí àṣẹ tó wà níwájú Bàbá: ìwọ ọkọ̀ kẹta, máa bọ̀, ìwọ iná kẹsàn-án, di pupa. Kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀, kálukú ń gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ iná atọ́nà kò lè dá gbọ́ èdè yẹn, àfi kí ẹ̀rọ kan wà láàárín tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ti ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lọ́jà, ó sì kórìíra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Wò ó," ó wí, ó tẹ bọ́tìnnì. Pupa kú fíì, gíríìnì tàn wáì. "Ṣé o rí ìwà pálapàla yẹn? Gílóòbù ló wà nínú iná atọ́nà gidi. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń kú, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, kí èkejì tó jí. Èyí ń ṣẹ́jú bíi ti ilé ọtí."

"Mo lè ṣe é fún yín, Bàbá."

"Ṣe kí ni?"

"Ògbufọ̀ ni mo máa ń pè é. Màá fi ọwọ́ ara mi ṣe é, ẹyọ kan fún iná kọ̀ọ̀kan."

Bàbá wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ní òun á wẹ òkun já. "Bí ọ̀rọ̀ bá wá sọnù lójú irin ńkọ́, tí ògbufọ̀ rẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Á di pupa."

Bí kò bá ti dá ọ lójú, pupa ni: ohun tí Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ó fa àga kan jáde. "Jókòó," ó wí. "Ọmọ ta ni ọ́?"

Báyìí ni Àǹtí Wáyà ṣe di ẹni tí í wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Iná mẹ́rìnlá ló wà lójú irin náà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gé pátákó tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó jó ẹ̀rọ tíńtín tó ń ronú mọ́ ọn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti èèrà, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ́ ọ lọ́rọ̀. Kí iná lè máa kú díẹ̀díẹ̀, ó kọ́ ọ pé kó máa tàn, kó máa kú, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí àsìkò kíkú sì máa gùn sí i, títí òkùnkùn á fi borí.

Ẹ̀kíní tó ṣe ń jẹ́ ìpè tí wọn kò pè é. Ẹ̀kejì gbóná, ó ń rùn. Ẹ̀kẹta dára títí ọkọ̀ fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di pupa, ó kọ̀, kò yí pa dà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá ohun tó ń ṣe é, kó tó fi ìka nu ojú irin tó sì rí ohun funfun.

Ìyẹ̀fun ni. Ó ń gbéra láti ìsàlẹ̀, ó ń bà sójú irin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò fara kan irin dáadáa mọ́, iná ń ta pàrà, ọ̀rọ̀ sì ń dà rú lójú ọ̀nà.

"Ìyẹ̀fun rẹ ń pa ọkọ̀ mi," ni Bàbá pariwo sísàlẹ̀.

"Ọkọ̀ yín ń pa ìyẹ̀fun mi," ni ọmọ rẹ̀ pariwo sókè.

Àǹtí Wáyà wà lórí àtẹ̀gùn láàárín wọn. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ti sú mi," ó wí. "Ẹ bá mi wá rọ́bà fífẹ̀ kan àti ìṣó."

Òun àti Oníbúrẹ́dì ni wọ́n jọ ta rọ́bà náà dí ojú àtẹ̀gùn.

"Ẹ dì í mú dáadáa."

"Mo dì í mú."

"Ẹ ò dì í mú, ẹ̀ ń wò mí ni."

"Ọwọ́ ni mo fi dì í mú, ojú ni mo fi ń wò. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra."

Àǹtí Wáyà fẹ́ bínú. Kò rí ìbínú náà ní ibi tó máa ń fi sí.

Láti ìgbà náà, ọkùnrin tó ní òun kórìíra ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti jáde. Á ní tíì lòun gbé wá. Á ní òun kàn wá wò bóyá Bàbá ti jẹun. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, òun àti Àǹtí Wáyà dùbúlẹ̀ gbalaja lábẹ́ pátákó, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì, obìnrin náà ń yọ́ òjé mọ́ wáyà lókè orí wọn. Ìyẹ̀fun ń bọ́ láti inú irun rẹ̀ sójú obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mi orí yín."

"Mi ò mì í. Mò ń mí ni."

"Ẹ má mí, nígbà náà."

Kò mí. Òjé kán sí i lọ́rùn ọwọ́, kò sì mí síbẹ̀. "Ó jọ pé mo ti jóná," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ń ṣú.

Àǹtí Wáyà ju irin ìyọ́jé sílẹ̀, ó gba ọwọ́ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àpá iná ààrò tò lára ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àtijọ́ àti tuntun. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ tì í. Àpá òjé kún ara tirẹ̀ náà.

"Wo ọwọ́ rẹ," ó wí. "Ọwọ́ rẹ burú ju tèmi lọ."

Ọkùnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì. "Ìgbà wo ló di 'ọwọ́ rẹ'? Ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn, 'orí yín' ni mo gbọ́."

"Tí kò bá dùn mọ́ yín, màá dá a pa dà."

"Má dá nǹkan kan pa dà," ó wí. Kò gba ọwọ́ rẹ̀ pa dà.

Ohùn kan dún lókè pátákó. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti kú síbẹ̀ ni? Iná kẹsàn-án ò tíì tàn."

Ìfẹ́ wọn kò ní àsìkò tirẹ̀. Àárín iná kan sí èkejì ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Ọkùnrin náà máa ń bu etí búrẹ́dì tó gbóná jù pa mọ́ fún un. Obìnrin náà tún agogo ààrò ṣe, èyí tó ti ń purọ́ fún ọdún mẹ́rin. Ó ń pe ọkùnrin náà ní "Funfun mi", ọkùnrin náà ń pè é ní "Wáyà ọkàn mi", àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu lẹ́nu àgbà.

Ìyá Àǹtí Wáyà, tó ń ránṣọ ní apá kan ṣọ́ọ̀bù náà, kò rí ohun tó dùn níbẹ̀. "Ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ó ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́ ló ń sùn," ó wí. "Ọmọ mi, ṣé ọkọ lò ń wá ni àbí adìyẹ?"

"Ó máa ń jí ṣiṣẹ́ ní ìdájí ni, Màmá."

"Adìyẹ náà ń jí ní ìdájí."

Nígbà tó di oṣù kẹrin, iná mẹ́tàlá ti dára, wọ́n ń kú, wọ́n ń jí bí Bàbá ṣe fẹ́. Iná kẹta nìkan ló kù. Òun nìkan ló jẹ́ olójú kan: àwọn yòókù ní ojú mẹ́ta lórí ara wọn, gíríìnì lókè, yẹ́lò láàárín, pupa nísàlẹ̀, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni iná kẹta fi ń ṣe àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń rojọ́ rẹ̀. Kò yí pa dà. Ó ti há. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Àǹtí Wáyà tú u palẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tò ó pa dà, kò sì rí ohun tó ṣe é.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, sùúrù rẹ̀ tán. Ó gbé iná náà sórí tábìlì níwájú arúgbó náà, ó tan gíríìnì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo nìyí?"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Ẹ ṣáà sọ."

"Pupa ni."

Ó yí i sí pupa. "Èyí ńkọ́?"

"Pupa náà ni. Kò yí pa dà. Ohun tí mo ti ń sọ láti oṣù tó kọjá nìyẹn, ẹ ò gbọ́."

Gbogbo ìbínú tí Àǹtí Wáyà gbé gorí àtẹ̀gùn dà nù lára rẹ̀. Ipò ni Bàbá fi ń mọ àwọn iná yòókù: èyí tó tàn lókè, èyí tó tàn nísàlẹ̀. Kò mọ àwọ̀ kan mọ́ yàtọ̀ sí òmíràn.

Bàbá fi ìka kan ojú iná náà. "Kò sí ohun tó ṣe iná náà, àbí?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ọdún mọ́kànlélógójì," ó wí. "Àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n mọ̀."

Àǹtí Wáyà ní òun á sọ fún ọmọ rẹ̀. Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bó bá gbọ́," ó ní, "ó máa ní kí n má gun àtẹ̀gùn mọ́, á fi mí sí yàrá ìsàlẹ̀ láàárín àpò ìyẹ̀fun. Fún mi ní oṣù kan." Àgbà tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni ni, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Wáyà gbà, bí Bàbá bá lè lọ sílé ìwòsàn ojú. Ó gba káàdì fún un. Ọjọ́ pé, Bàbá ní òtútù mú òun. Ó tún gba òmíràn.

Wọ́n ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Èyí jó Àǹtí Wáyà lẹ́nu bíi tíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Nígbà tí Oníbúrẹ́dì bi í pé kí ló dé tó ń dákẹ́ báyìí, ó ní iṣẹ́ ni. Nígbà tó tún bi í, ó ní orí ló ń fọ́ òun. Nígbà kẹta, ó bínú sí i pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì lọ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá lọ ra gọ́ọ̀mù. Iná títì tó wà fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà ní pupa, ó sì bọ́ sójú títì. Kẹ̀kẹ́ ló gbá a, kì í ṣe mọ́tò, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, iwájú orí rẹ̀ bó. Ní ilé ìwòsàn, dókítà tan iná sí i lójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò bọ̀, ó sì béèrè láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Bàbá ti ń mú kí oorun kùn ún. "Ẹ béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Wáyà," ó wí. "Òun ló mọ ọjọ́ tí a rí i."

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì ti dá Àǹtí Wáyà dúró. Àárín iṣẹ́ ló ti sáré wá, ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún."

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá mi fi ń kọjá títì láì mọ pupa, tí o jókòó sí ilé mi, tí o ń sọ fún mi pé orí ló ń fọ́ ọ."

"Wọ́n bẹ̀ mí. Mo rò pé..."

"Ẹ máa lọ sílé," ó wí. "Ẹ ṣé o. A ó ránṣẹ́ sí yín bí iná bá bàjẹ́."

Àǹtí Wáyà fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà bá ara rẹ̀ wí, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn, àti "yín" yẹn, kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí.

Ó pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún fáànù ṣe, fáànù náà ń yí sẹ́yìn. Ó tún rédíò kan ṣe, ó gbàgbé ìṣó mẹ́rin rẹ̀ síta. Ìyá rẹ̀ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan láì sọ nǹkan, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ni ìyá náà wí níkẹyìn.

"Mò ń ríran, Màmá. Ohun tí mò ń rí ló ń pa mí lẹ́kún."

Ìyá rẹ̀ gé òwú. "Nígbà náà, wá nǹkan mìíràn wò."

Ó wá a. Bàbá ti sọ fún un rí nípa àwọn atọ́nà ayé àtijọ́, kí iná tó gba ipò wọn: òpó kan, apá irin kan lórí rẹ̀. Bí apá bá nà gbọọrọ, dúró. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, máa lọ. Ìrísí apá ni awakọ̀ ń wò, kò kan àwọ̀. Àǹtí Wáyà gé páànù pẹlẹbẹ, ó fi mọ́tò kékeré kan sí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ ògbufọ̀ lédè tuntun. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bó ṣe ń ṣe é lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà pé ta lòun ń ṣe é fún.

Nísàlẹ̀ béékìrì, Bàbá jókòó láàárín àpò ìyẹ̀fun gẹ́lẹ́ bó ṣe bẹ̀rù, wọ́n fi símẹ́ńtì di ọwọ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó pe ọmọ rẹ̀. "Lọ ṣí páálí ọkọ̀ dúdú tó wà lókè. Kó ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá."

Káàdì ilé ìwòsàn ojú méjì ni. Àǹtí Wáyà ti kọ̀wé sẹ́yìn àkọ́kọ́: *Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ. Màá sìn yín.* Ó kọ sẹ́yìn ìkejì: *Bàbá, tí ẹ ò bá lọ lọ́jọ́ yìí, màá sọ fún un. Mi ò lè purọ́ fún un mọ́.* Ọjọ́ tó wà lára ìkejì jẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gbá Bàbá.

Oníbúrẹ́dì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Kí ló dé tí ẹ ò fi èyí hàn mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ojú ń tì mí," ni Bàbá wí. "Ìwọ náà ò sì béèrè. Ìyẹ̀fun lò ń pò bí ẹni ń lu olè."

Oníbúrẹ́dì bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jáde láì fọ ojú. Ó bá Àǹtí Wáyà nídìí tábìlì, ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì, oníbàárà kan pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù níwájú wọn. Obìnrin náà rí i, ó sì yíjú sí áyọ́ọ̀nù. Ó ṣàlàyé áyọ́ọ̀nù fún oníbàárà náà láti wáyà dé pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀. Oníbàárà náà lọ, ó tún ń nu tábìlì tó mọ́.

"Mo rí káàdì," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," obìnrin náà dáhùn. "Ká ní mọ́tò ni, ì bá ti pa wọ́n. Mi ò ní àwíjàre lórí ìyẹn. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú."

"Èmi náà ṣẹ̀ ọ́. Mo lé ọ bí oníbàárà."

"O pè mí ní 'ẹ'."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Tí inú bá ń bí ọ, pariwo mọ́ mi. Bú mi, bó bá dé ojú ẹ̀. Àmọ́ má fi ọ̀wọ̀ tì mí síta mọ́ láéláé."

"Mi ò ní bọ̀wọ̀ fún ọ mọ́," ó wí, ojú rẹ̀ sì korò débi pé obìnrin náà kò lè di ẹ̀rín rẹ̀ mú.

Máṣíìnì dúró. "Ṣé ẹ ti parí?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. "Mo ti rán apá aṣọ kan náà pa lẹ́ẹ̀mejì nítorí yín. Fún ọkùnrin náà ní àga, kó lè jókòó. Ó ti ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ mi."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀tún bọ̀ sípò díẹ̀. Ó lè rí ọ̀nà, ó lè rí ènìyàn, àmọ́ àwọ̀ kò pa dà. Ti òsì ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á láyè láti gun àtẹ̀gùn, ó bá apá irin mẹ́rìnlá dúró níbi tí iná wà tẹ́lẹ̀, wọ́n dúdú kedere sára ògiri funfun. Ó tẹ bọ́tìnnì. Apá kan sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó rí i, nítorí orí rẹ̀ bá apá náà sọ̀ kalẹ̀.

"Kò dára," ó wí.

"Kí ni kò dára, Bàbá?"

"Ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ jù. Irin wúwo. Bí apá gidi bá sọ̀, á ta sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Àǹtí Wáyà fi orí ti ògiri. Oníbúrẹ́dì kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin náà gbìyànjú láti béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, búrẹ́dì jó. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá obìnrin náà wọlé, ó jókòó, kò dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, obìnrin náà dúró tì í, ó ń tún ilẹ̀kùn ààrò ṣe.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan," ó wí, "ọwọ́ mi ò sì mọ́."

"Ẹnu lo máa fi béèrè. Béèrè."

"Apá keje kò ta sókè," ni Bàbá pariwo láti òkè.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ṣé o..."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló ta. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ rẹ̀ wí sókè, "ìyàwó ni mò ń wá níbí."

Òkè pa rọ́rọ́. Kódà ọkọ̀ dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn arúgbó náà tún sọ̀ kalẹ̀, ó rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ó dáa. Bó bá gbà, sọ fún un kó gòkè wá wo apá keje. Bí kò bá gbà, kó ṣì gòkè wá."

Àǹtí Wáyà fi etí aṣọ rẹ̀ nu òógùn kúrò lójú Oníbúrẹ́dì. "Mo gbà, Funfun mi," ó wí. "Pò ó tán, ìyẹ̀fun rẹ ń le."

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí èrò kún ibẹ̀. Ó ti rẹ obìnrin akọ̀wé tó jókòó sídìí ìwé ìgbéyàwó ńlá. Ó pe tọkọtaya, wọ́n buwọ́ lù ú. Ó pe ìyá ìyàwó, ó buwọ́ lù ú, ó sì sọ fún akọ̀wé náà pé apá aṣọ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó kan Bàbá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbọ̀n ọ́n nù. Ó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé, ó wá ìlà náà, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélógójì kọ ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀.

Akọ̀wé náà wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó bọ́ sórí ìlà?" ni Bàbá béèrè.

"Ó bọ́ sórí ẹ̀, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ yára dáhùn.

Àǹtí Wáyà mi orí. "Kò bọ́ sórí ẹ̀, Bàbá. Ẹ kọjá ìlà. Orí orúkọ tèmi lẹ kọ ọ́ sí."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí ìwé. "A jẹ́ pé mo ti bà á jẹ́."

"A lè mú ojú ewé mìíràn," ni akọ̀wé wí, pẹ̀lú ojú ẹni tí ogún tọkọtaya ṣì ń dúró dè níta. "Gbogbo yín á tún buwọ́ lù ú."

"Ẹ má mú òmíràn," ni ìyàwó wí. Ó gba bírò kúrò lọ́wọ́ Bàbá, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí orúkọ méjèèjì wà lórí ara wọn bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé náà wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé.